Bí mo ṣe ń fi kún un ni wọ́n ń sá: ẹ̀yin tó ń gba owó oṣù lórí sáìtì, ẹ gbà mí o

Abẹ́rẹ́Òwú (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ọjọ́ Ajé, 9:12 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ télọ̀ lórí sáìtì tèmi, ₦3,000 lóṣù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Tákíè, àmọ́ àwọn tó ń sanwó wà káàkiri, láti Ìlọrin dé Àkúrẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ wà ní Kútọnu. Fídíò kan lọ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 64 ni wọ́n nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń kọ́ni ní télọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube, ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí n kò bá fi nǹkan kún un, wọ́n á máa bi ara wọn pé kí ni àwọn ń sanwó fún. Ni mo bá sọ fídíò kan di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo fi pátánì tí wọ́n lè tẹ̀ jáde kún un. Mo fi kíláàsì ojúkojú kún un lálẹ́ Sátidé. Mo dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, mo ń fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀ láràárọ̀ bíi wòlíì. Mo tún dá ìdíje sílẹ̀ lóṣooṣù.

41 ló kù báyìí. Lóṣù tó kọjá, 5 wọlé, 9 jáde. Títí di aago méjì òru ni mo ń gé fídíò, àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù sì ń bínú pé aṣọ àwọn ò tíì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo tún lè fi kún un?

KódùLálẹ́ (Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́)
9:40

Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn gan-an ni àìsàn náà. Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́.

Bí ẹnì kan bá sanwó lónìí, tó wọlé, kí ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí?

Abẹ́rẹ́Òwú
9:47

Gbogbo ẹ̀kọ́ ni. 118. Èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè.

KódùLálẹ́
10:05

Háà. Ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àyà èèyàn, ẹ̀wù ìyàwó ló máa kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní drip. Ẹ fi ojú inú wo ẹ̀rọ omi tí a ṣí díẹ̀, tó ń kán tó, tó, tó sínú garawa. Ẹni tó wọlé lónìí á rí ẹ̀kọ́ kìíní. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìkejì á ṣí fún un. Ẹni tó bá wọlé lóṣù tó ń bọ̀, láti ìkíní ni tirẹ̀ náà á ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí oníkálùkù sanwó ni ẹ̀rọ náà ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbé fídíò síbẹ̀. Bó bá jẹ́ WordPress lẹ fi kọ́ sáìtì yín, àfikún tí wọ́n ń pè ní MemberPress ní in nínú, Paid Memberships Pro náà ní àfikún tó ń ṣe é. Kò gba kódù kankan. Ọjọ́ Sátidé kan ti tó láti tò ó.

OlówóŃSanwó (Ọ̀yọ́)
10:31

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Mo sanwó tán, ẹ wá ń tilẹ̀kùn mọ́ mi? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ránṣọ. Kí ló kàn mí nínú bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́? Bí mo bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́sẹ́ẹ̀tì, òní ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí oníbàárà mi ń dúró, ìyàwó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Ẹ máa fi ṣíbí fún mi ní ẹ̀kọ́ jẹ, oṣù kan náà ni mo máa lò, màá bá tèmi lọ.

KódùLálẹ́
10:44

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká pín in nígbà náà: ọ̀nà kan fún ẹni tuntun, yàrá kan fún ẹni tó ti mọ iṣẹ́. Ìbéèrè kan péré lójú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lè yà wọ́n: "Ṣé ẹ ti rán aṣọ tí ẹlòmíràn sanwó fún rí?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí fún un. Ẹni tó bá ní rárá, ẹ fà á lọ́wọ́.

BàbáTíṣà (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)
11:20

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ka ọ̀rọ̀ drip yìí, ẹ̀rín pa mí. Síkíìmù ni. Gbogbo táàmù tí Ọlọ́run dá ni wọ́n fi ń fún wa ní síkíìmù, ọ̀sẹ̀ kìíní, àkòrí kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, òmíràn. Ọ̀sẹ̀ keje, àtúnyẹ̀wò, kò sí ẹ̀kọ́ tuntun. Ọ̀sẹ̀ àtúnyẹ̀wò yẹn ni àwọn tíṣà tuntun máa ń fi ìyájú gé kúrò, àwọn ọmọ wọn náà ló sì máa ń bọ́ sínú kòtò ìdánwò.

Ìwọ ọmọ mi tó ń ránṣọ, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ṣé ọjọ́ tí o dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ ló kó ohun 118 lé ọ lọ́wọ́?

Abẹ́rẹ́Òwú
11:38

Bàbá, ẹ ti mú mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tú òwú, tí mo ń so bọ́tìnì, tí mo ń lọ ra gààrì fún ìyàwó ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n tó fún mi ní sísọ́ọ̀sì, ìwé símẹ́ńtì ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé, odidi oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gé ankara, ọwọ́ mi gbọ̀n.

Báwo ló ṣe jẹ́ pé mo gbàgbé gbogbo ìyẹn nígbà tí mo dé orí íntánẹ́ẹ̀tì?

AládùnKéèkì (Ògbómọ̀ṣọ́)
12:15 ọ̀sán

Aǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó jáde kò ní sọ fún yín. Kì í ṣe sáìtì yín o, ti àwọn tó ń kọ́ni ní kéèkì ni èmi ti sá.

Kì í ṣe torí owó. Ojú ló ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò síná fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ti gorí ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di mẹ́fà. Nígbà tó yá, mi ò lè ṣí i mọ́. Bí ímeèlì wọn bá wọlé, àyà mi á já bí ìgbà tí ẹni tí mo jẹ lówó bá ń pè. Oṣù méjì ni mo tún fi sanwó lórí ìrètí pé màá lé wọn bá. Nígbà tí mo wá kúrò, wọ́n bi mí nídìí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kò sówó". Irọ́ ni. Ó kàn rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ju pé ẹ̀kọ́ pá mi láyà lọ.

Ẹ wá ro ti dátà. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi owó lé owó, tó lè tó ìdá 50 nínú 100, a ò fi dátà ṣeré mọ́. Fídíò ogún ìṣẹ́jú ní 1080p (àwòrán tó mọ́ kedere) lè jẹ tó ìdajì GB. Ẹ wá fi mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀. ₦3,000 yín nìkan kọ́ ni mo ń san nìyẹn. Ní 480p (àwòrán tó rẹlẹ̀ sí ìyẹn), ó lè má jẹ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, ojú abẹ́rẹ́ á sì ṣì hàn bí ẹ bá gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn.

ÌjókòóẸ̀yìn (Ògbómọ̀ṣọ́)
12:22

Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́. Aládùn ti sọ tèmi pátápátá.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde (Ọ̀yọ́)
1:03

Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà kọ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé jáàmù kalẹ̀ nínú ilé ìtajà kan ní California kí èèyàn máa tọ́ ọ wò. Nígbà tó jẹ́ oríṣi 24 ni wọ́n tò, èrò rọ́ wá, ṣùgbọ́n nínú 100 tó dúró, nǹkan bí 3 ló rà á. Nígbà tí wọ́n dín in kù sí 6, nǹkan bí 30 ló rà á. Ẹ̀kọ́ 118, ma!

KódùLálẹ́
1:19

Ẹ rọra pẹ̀lú jáàmù yẹn. Ní 2010 àwọn mìíràn kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ní tí a bá dà wọ́n pọ̀ ṣírò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá, ọ̀pọ̀ ọjà kì í dí i lọ́wọ́, ẹ wo OlówóŃSanwó òkè yìí. Ẹni tí kò mọ èwo ni kó mú ni nǹkan ń dàrú mọ́ lójú.

OlówóŃSanwó
1:25

Ẹ ṣé tí ẹ fi mí ṣe àpẹẹrẹ rere lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ́rẹ́Òwú
Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́

Mo padà dé. Ọ̀rọ̀ Aládùn ò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá ń pe àwọn 9 tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà gbé ìpè mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní owó ni. Ẹnì kan bímọ. Mẹ́rin tó kù, ọ̀rọ̀ wọn ò jìnnà sí ti Aládùn.

Ọ̀kan nínú wọn wà níbí, ló bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó ṣí fóònù rẹ̀ kí n rí ohun tó ń rí. Gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun dé igun. Ó ṣí WhatsApp: 612 ló wà nínú róbótó kékeré yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa. Ó fi àtàǹpàkò wọ́ ọ, ó ń wọ́ ọ, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ ìbí, àdúrà, ẹnì kan ń ta léèsì, ohùn mi, ohùn mi, ohùn mi, títí tó fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti béèrè pé kí ló dé tí apá aṣọ òun ń ṣù jọ léjìká. Ó ti lé ní oṣù kan. Mi ò rí i rárá. Àwòrán òdòdó "ẹ káàárọ̀" ti bò ó mọ́lẹ̀ kí n tó jí.

Ó ti ká aṣọ náà sínú ọ̀rá wá. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bó ṣe gé orí apá náà níwájú ló gé e lẹ́yìn, wọ́n rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé iwájú ló yẹ kó jìn wọlé díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á, mo ní kó gé e. Ó gé e, a fi pín-ìnnì kàn án, apá náà jókòó dáadáa. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní, "Aǹtí, mo mọ̀ pé yóò wà nínú fídíò yín, mi ò kàn mọ èwo ni."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ 73 ni. Mo pè é ní "Orí apá, apá kejì". Ta ló máa mọ̀?

BàbáTíṣà
8:14

Orúkọ yẹn ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá "apá kejì". Ohun tó ń dùn ún ló ń wá.

KódùLálẹ́
8:30

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ẹ fi ìṣòro sọ orúkọ wọn, ma: "apá aṣọ ń ṣù", "síìpù ń wú", "kọ́là ò dúró". Ẹ sì fi àpótí ìwárí sókè.

Ní ti WhatsApp, ẹ má pa á. Ẹ wọ inú ètò ẹgbẹ́ náà, ẹ ṣe é kó jẹ́ ẹ̀yin alábòójútó nìkan ló lè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ wá máa ṣí i fún gbogbo ayé ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ìbéèrè ò ní sọnù mọ́, ẹni tó ń ta léèsì á wá ibòmíràn gbà.

OǹṣíròOwó (Ògbómọ̀ṣọ́)
9:02

Kò sẹ́ni tó fẹnu kan owó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jò. Bó bá jẹ́ Paystack lẹ fi ń gbowó, ìdá 1.5 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí owó abẹ́lé, pẹ̀lú ₦100. ₦100 yẹn kì í sí bí owó náà kò bá tó ₦2,500. Nítorí náà, lórí ₦3,000 yín, ₦145 ń lọ. Lórí ₦2,400, ₦36 péré ni. Mi ò ní kí ẹ dín owó kù o, mo kàn ní kí ẹ mọ̀.

Ẹni tó bá lè san ti ọdún, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ gbé e sí ₦28,000, wọ́n á yọ ₦520 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti oṣooṣù jẹ́ ₦1,740 títí ọdún á fi parí. Àǹfààní kejì ló wù mí jù: ẹni tó san ti ọdún kì í jókòó ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan kó máa bi ara rẹ̀ pé mélòó ni mo wò nínú fídíò yìí.

Ohun kẹta: ẹ ṣe bọ́tìnì ìsinmi. Ẹni tó bímọ yẹn, kí ló dé tó fi ní láti jáde? Kó dá owó dúró fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà dúró níbi tó bá a dé, kó má sì bá òkìtì lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá padà.

AládùnKéèkì
9:20

Bọ́tìnì ìsinmi! Ká ní wọ́n ní in níbi tí mo wà, mi ò bá má parọ́.

ÌjókòóẸ̀yìn
9:26

Ìbéèrè kan: ímeèlì mélòó ló yẹ kéèyàn fi ránṣẹ́ sí ẹni tuntun? Ibi tí mo wọ̀ lóṣù tó kọjá, mẹ́sàn-án ló wọlé lọ́jọ́ kìíní. Ẹ káàbọ̀, pásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ wọ Telegram wa, ẹ wá sí kíláàsì, ẹ ra òmíràn…

KódùLálẹ́
9:41

Ọ̀kan lọ́jọ́ kìíní. Kó sì ní líǹkì kan ṣoṣo nínú, tó lọ tààrà sí ẹ̀kọ́ kìíní. Ẹ dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá kọ òmíràn pé, "Ṣé ẹ ti gé e? Ẹ fi àwòrán rẹ̀ dáhùn ímeèlì yìí." Ẹni tó bá fi àwòrán ránṣẹ́ kì í tètè lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí wọ́n á máa retí rẹ̀.

Kí ẹ má fi ohun tí wọn ò tíì ṣe kà sí wọn lọ́rùn o. Àwọn sáìtì kan máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé "O ti parí ìdá 4 nínú 100". Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ wá rí ìyẹn lálẹ́? Ẹ kọ ọ́ pé "Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń rán síkẹ́ẹ̀tì".

Abẹ́rẹ́Òwú
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Ọjọ́bọ̀, 3:35 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Mo mú ẹ̀kọ́ 12 nínú 118, mo tò ó bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, láti orí ìwọ̀n dé orí ẹ̀wù tó ní apá. Ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣí. Ìyókù wà ní yàrá ẹ̀yìn, mo ti fi ìṣòro sọ orúkọ wọn, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe ìyẹn nìkan. Fídíò tuntun di méjì lóṣù. Ọ̀sẹ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, kò sí nǹkan kan rárá, ọ̀sẹ̀ BàbáTíṣà ni mò ń pè é. Mo ti WhatsApp pa, alẹ́ Ọjọ́rú nìkan ló ń ṣí, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.

Ohùn àràárọ̀ tí mo ń fi ránṣẹ́ ló bà mí lẹ́rù jù láti dá dúró. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ẹnì kan péré ló kọ̀wé sí mi, ó ní ṣé ara mi yá.

Lóṣù yìí, 6 wọlé, 2 jáde. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà bínú gan-an, ó ní ₦3,000 fún fídíò méjì, olè ni mí. Mo dá owó oṣù náà padà fún un. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́, mo sì tún fẹ́ padà sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Àwọn mẹ́ta ti san ti ọdún, ẹni tó bímọ náà ti tẹ bọ́tìnì ìsinmi.

OlówóŃSanwó
3:52

Mo wà lára àwọn 6 yẹn o. Mo rí kọ́sẹ́ẹ̀tì mi ní yàrá ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú méjì. Àmọ́ ẹ gbé iná súnmọ́ ibi tí ẹ ti ń fi eegun kọ́sẹ́ẹ̀tì sí i, ó ṣókùnkùn.

Abẹ́rẹ́Òwú
4:10

Ẹ̀yin ni! Mo gbọ́, màá tún un yà.

Ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ ń ṣù jọ yẹn ti padà wọlé. Lánàá, 8:04 alẹ́, ẹni tuntun kan béèrè irú ìbéèrè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí n tó nu ọwọ́ òróró mi, ó ti dá a lóhùn, ó fi àwòrán sí i, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ìyá kan ló wọlé yìí, ó ń béèrè léèsì rẹ̀. Ó ti jáde láti àná.